Bí A Ṣe Ń Gbin Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Àgbagbà Sí Ẹ̀yìnkùlé Ní Èkó, Títí Tí Yóò Fi Di Bọ̀ọ̀lì Àti Dòdò

Ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ń kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ń jẹ ní Èkó wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn sí ọjà Mile 12 ní Kétu, níbi tí àwọn alájàpá ti ń rà á lọ sí Òyìngbò, Ọbálendé àti àwọn àdúgbò yòókù. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ilé, ìbáà jẹ́ ní Èbúté Mẹ́ta, ní Sùúrùlérè tàbí ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí ilé ti há mọ́ra, lè máa bẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tirẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ oko sábà máa ń rẹ̀yìn lẹ́yìn ìkórè kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìnkùlé kì í tètè rẹ̀yìn, nítorí pé ohun tí ó ń jáde láti ilé ìdáná ni ó ń jẹ. Ẹni tí kò bá ṣetán láti máa bọ́ ọ kò ní rí èrè kankan níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀ àti oòrùn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó bá wà láàárín ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì méjì tí oòrùn kò dé yóò ga, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ yóò kéré. Ilẹ̀ Erékùṣù Èkó jẹ́ iyanrìn, omi kò sì jìn sí ojú ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Bí omi bá sì dúró sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ yóò rà. Ní irú ibẹ̀, ẹ da ilẹ̀ dúdú pọ̀ mọ́ ajílẹ̀ kí ẹ fi kọ ebè gíga. Ní ibi tí ilẹ̀ pupa bá wà lókè odò, ihò tí ó jìn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, tí ó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ti tó. Bí ẹ bá fẹ́ gbin ju ẹyọ kan lọ, ẹ fi mítà 3 sáàárín ọ̀wọ́ kan sí èkejì, kí ẹ sì fi mítà 2 sáàárín ìdí kan sí èkejì.

Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ óò gbìn ni ó gba ìṣọ́ra jù lọ, nítorí pé inú rẹ̀ ni àrùn ti máa ń bá ènìyàn wọlé. Irú tí ó dára ni èyí tí ìdí rẹ̀ tóbi, tí ewé rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí idà. Èyí tí ewé rẹ̀ fẹ̀ nígbà tí ó ṣì kéré kò lágbára, nítorí pé kò so mọ́ ìyá rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá ti wú u, ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé gbogbo gbòǹgbò rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì bó èèpo ìdí rẹ̀ títí yóò fi funfun. Ibi tí ẹ bá ti rí ihò dúdú, kòkòrò tí ń jẹ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti wọ ibẹ̀. Ẹ gé e dànù, bí ó bá sì ti jẹ ẹ́ jù, ẹ má gbin ọmọ náà rárá. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò ri ìdí tí ẹ bó náà sínú omi tí ó ń hó fún ìṣẹ́jú àáyá 30 péré. Ọ̀nà yìí, tí àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní Ìbàdàn, ń kọ́ àwọn àgbẹ̀, máa ń pa aràn tí ojú kò lè rí, tí ó ń ba gbòǹgbò jẹ́, kò sì ná ènìyàn ju omi gbígbóná lọ. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, kí ó má baà jinná.

Ìgbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, láti oṣù kẹrin, ni ó dára láti gbìn ín. Láti ìgbà náà, ẹ máa kó èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé ẹ̀fọ́ tí ẹ ṣà dànù àti ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jẹrà sí ìdí rẹ̀. Eérú igi ṣe pàtàkì, nítorí pé pọtáṣíọ̀mù inú rẹ̀ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ nílò jù kí èso rẹ̀ tó lè tóbi. Ẹ fi ewé gbígbẹ bo ilẹ̀ náà, nítorí pé òkè ni gbòǹgbò ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà, ọ̀gbẹlẹ̀ sì tètè ń mú un.

Àwọn ọmọ yóò yọ púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn. Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ẹyọ kan tàbí méjì péré ni kí ẹ yàn fún ìrọ́pò náà, kí ẹ sì gé ìyókù. Bí ìyá bá ti so, ẹ fi ọparun tì í, nítorí pé ìjì òjò lè wó o lulẹ̀ lóru kan.

Èso máa ń gbó ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ó bá yọ. Èyí tí àwọn oníṣòwò ń kó bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ń tètè bẹ́; ẹ̀yin lè dúró títí ẹyọ kan yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lórí igi. Ẹ wọ aṣọ iṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń bẹ́ ẹ, nítorí pé oje rẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìyókù tètè pọ́n, ẹ dì í sínú àpò pẹ̀lú èyí tí ó ti pọ́n. Ẹ má ṣe lo kábáìdì. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ nípa rẹ̀.

Èyí tí kò tíì pọ́n ni a ń fi ṣe ìpékeré àti ẹ̀lùbọ́. Èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n ni ti bọ̀ọ̀lì: ẹ bó o, ẹ tẹ́ ẹ sórí wáyà lókè èédú tí ọwọ́ iná rẹ̀ ti wálẹ̀, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí inú rẹ̀ yóò fi jinná. Ẹ̀pà sísun ni a fi ń jẹ ẹ́ ní Èkó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹja àti ata ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ ní Port Harcourt. Dòdò fẹ́ èyí tí ó ti pọ́n dáadáa tí ó ṣì le díẹ̀, pàápàá bí ẹ̀wà ni ẹ óò fi jẹ. Èyí tí ó bá ti rọ̀ jù, tí ara rẹ̀ ti dúdú, ni kí ẹ gún, kí ẹ po ìyẹ̀fun díẹ̀, ata, àlùbọ́sà àti iyọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ máa fi ṣíbí bù ú sínú òróró gbígbóná. Mósà nìyẹn, gbígbóná ni ó sì dùn jù.