Tíì àti kọfí aláìní kaféènì: ìdáhùn sí ohun tí ẹ ń bi mí lójoojúmọ́

Láti ìgbà tí mo ti fi kọfí sílẹ̀ ni ìbéèrè kan náà ti ń tọ̀ mí wá. Mo ti ṣàlàyé títí ẹnu mi fẹ́ bó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á níbí kí ẹ tó tún bi mí: ọ̀rọ̀ yín ló ṣáájú, èsì mi ló tẹ̀ lé e.

Mi ò mu kọfí mọ́, síbẹ̀ oorun kì í kùn mí lóru.

Kí lẹ ń jẹ lẹ́nu? Kaféènì, èròjà tó ń lé oorun nínú kọfí, wà nínú obì. Ó wà nínú tíì, ìbáà jẹ́ dúdú, ìbáà jẹ́ aláwọ̀ ewé. Kókó náà ní díẹ̀. Oògùn ẹ̀fọ́rí mìíràn ní in, ẹ ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀. Kọfí tí wọ́n kọ “decaf” sí lára (ìyẹn ni pé wọ́n ti yọ kaféènì rẹ̀) pàápàá, ó ṣì kù díẹ̀ nínú rẹ̀.

Orí ń fọ́ mi láti ọjọ́ tí mo ti jáwọ́.

Ara yín ń béèrè ohun tó ti mọ́ ọn lára ni. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 12 sí 24, ó sì lè tó ọjọ́ 9 kó tó lọ tán. Ẹ má jáwọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó ń mu ife 3 lójúmọ́, kó mu 2 lọ́sẹ̀ yìí, kó mu 1 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ewé tíì mi (koríko ọba) dà bí omi lásán.

Ewé yín kéré. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fi ọmọ odó tẹ ìdí rẹ̀ kó fọ́ díẹ̀, kí ẹ sì dé ìkòkò.

Àgbàdo tí mo yan ṣe kọfí korò.

Ó jóná. Ẹ dín iná kù, ẹ má dẹ́kun àtirò ó.

Mílíìkì máa ń ṣù nínú tíì ata ilẹ̀ mi.

Èyí jẹ mí níyà fún oṣù kan gbáko. Mo máa ń rin ata ilẹ̀ tútù sínú ife, màá da omi fúláàsì lé e, màá sì bu mílíìkì agolo sí i. Kí n tó mú ṣíbí, ó ti ṣù wúruwùru, omi ṣíṣàn ti yà sọ́tọ̀ lókè. Mo ní mílíìkì ló bàjẹ́, mo ra òmíràn. Mo gbìyànjú oníyẹ̀fun. Mo yọ ṣúgà kúrò. Mo pààrọ̀ omi. Agolo 5 ni mo dà nù, ó sì dùn mí gan-an, nítorí owó mílíìkì kì í ṣe kékeré.

Obìnrin Fúlàní tó ń kiri wàrà ládùúgbò wa ló yà sílé wa lọ́jọ́ kan, tó wo inú ife mi. Ó ní, “Màmá, wàrà nìyẹn.” Ó ní omi ewé bomubomu làwọn máa ń fún sínú mílíìkì orí iná kó lè dì. Ibẹ̀ lojú mi ti là. Ata ilẹ̀ tútù ní èròjà tirẹ̀ tó ń di mílíìkì bákan náà. Ní gúúsù Ṣáínà, wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ da mílíìkì gbígbóná sórí omi ata ilẹ̀ kó lè dì, wọ́n á sì fi ṣíbí jẹ ẹ́.

Híhó ló ń pa agbára èròjà yẹn. Omi fúláàsì ò gbóná tó láti pa á, ńṣe ló ń ru ú sókè. Torí náà, ẹ gbé omi àti ata ilẹ̀ kaná pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kó hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ tó bu mílíìkì sí i. Mílíìkì ò ṣù nínú ife mi mọ́ láti ọjọ́ náà.

Zobo gbígbóná ńkọ́?

Ẹ má da mílíìkì sí i rárá. Kíkan rẹ̀ ló ń dì í, kò sì sí híhó tó lè mú kíkan náà kúrò.

Mo lóyún, bàbá mi sì ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Ẹ má bi èmi. Ẹ mú orúkọ ewé tàbí gbòǹgbò tí ẹ fẹ́ máa mu lọ bá nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tó ń tọ́jú yín, kí ẹ tó gbé ìkòkò kaná.