Ìjókòó Kẹ̀kẹ́ Tó Tẹ́ Pẹrẹsẹ fún Ọ̀nà Jíjìn: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé

Ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ sí oko tó jìnnà, tàbí tó ń gùn ún láti ìlú kan dé òmíràn, mọ̀ pé ẹsẹ̀ kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ dá èèyàn lágara. Ìdí ni. Láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ lé ní 50 kìlómítà. Wákàtí àkọ́kọ́ lè lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, àmọ́ tó bá di wákàtí kejì, èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìdí sọ́tùn-ún sósì, á máa dìde dúró lórí pẹ́dà, nígbà tó bá sì dé ibi tó ń lọ, kò ní fẹ́ rí kẹ̀kẹ́ náà sójú mọ́. Ọ̀pọ̀ ti torí èyí gbé kẹ̀kẹ́ tó dáa tì sẹ́yìn ilé. Ó dùn wá, torí pé ìyà tó ṣeé yẹ̀ ni, owó tí wọ́n sì máa fi yẹ̀ ẹ́ kì í pọ̀. Nígbà mìíràn, sípánà kan àti páálí kan ti tó.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú dání nínú ìwé yìí ni pé fífẹ̀ ìjókòó ló ṣáájú, títẹ́jú rẹ̀ ló tẹ̀lé e, rírọ̀ rẹ̀ ló kẹ́yìn. Òdì kejì rẹ̀ là ń ṣe lọ́jà. A ó fi àtàǹpàkò tẹ ìjókòó, tó bá ti rọ̀, a ó sanwó.

Eegun méjì ló yẹ kó gbé yín

Ẹ jókòó sórí àga pákó, kí ẹ ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ìdí, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè. Ẹ ó kan eegun méjì tó le, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Àwọn ni Ọlọ́run fi gbé ara wa nígbà tí a bá jókòó. Ẹran tó wà láàrin wọn rọ̀, inú rẹ̀ sì ni iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára àti ẹ̀jẹ̀ lọ sí abẹ́ tọkùnrin tobìnrin ń gbà kọjá. Tí ìjókòó bá tínrín jù fún yín, eegun méjèèjì á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹran àárín yìí ni yóò wá máa gbé gbogbo ara. Bí ibẹ̀ ṣe ń kú nìyẹn, tí kì í mọ ìfọwọ́kàn mọ́.

Fóòmù tó nípọn kò lè tún un ṣe. Ẹ fi ìka méjì tẹ inú iyán, ẹ ó rí i pé iyán á yọ sókè láàrin ìka méjèèjì. Bí eegun ìdí ṣe ń rì sínú fóòmù rírọ̀ nìyẹn, tí fóòmù náà á sì dìde sókè láàrin, á máa tẹ ibi tí kò yẹ kí nǹkan kan tẹ̀. Ìdí rèé tí ìjókòó rọ̀bọ̀tọ̀ fi máa ń dùn fún ẹni tó ń lọ ra búrẹ́dì ní ìkọjá títì, tó sì máa ń di ìyà fún ẹni tó ń lọ ọ̀nà wákàtí mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ kíkú abẹ́ yìí kì í ṣe ohun ìtìjú. Ní Amẹ́ríkà, NIOSH, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí lórí ìlera òṣìṣẹ́, yẹ àwọn ọlọ́pàá tó ń fi kẹ̀kẹ́ ṣọ́ ìlú wò nítorí rẹ̀. Lọ́dún 2009, wọ́n gbé ìmọ̀ràn jáde pé kí irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lo ìjókòó tí kò ní ṣóńṣó níwájú rárá. Ẹni tó bá ti gbìyànjú gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yìí tí kò rí ìtura lè wá irú rẹ̀. Àmọ́ lójú títì, itan la fi ń rọra di ṣóńṣó yẹn mú tí kẹ̀kẹ́ fi ń lọ gbọọrọ, nítorí náà ẹ má tètè sọ ọ́ nù.

Bí ẹ ó ṣe wọn eegun ìdí nílé

Ẹ wá páálí tó ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ nínú, irú èyí tí wọ́n ń kó Indomie sí. Ẹ gé e kó fẹ̀ ju ìdí yín lọ, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí àtẹ̀gùn tàbí bẹ́ǹṣì tó le tó sì lọ sílẹ̀, kí orúnkún yín lè ga ju ìdí lọ díẹ̀. Ẹ wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ jókòó lé e, kí ẹ tẹ̀ síwájú bí ẹni tó di hándù kẹ̀kẹ́ mú, kí ẹ fọwọ́ di abẹ́ bẹ́ǹṣì, kí ẹ fa ara yín mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan. Ẹ má yíra. Lẹ́yìn náà, ẹ dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má wọ́ ìdí.

Ẹ ó rí ibi méjì tó jin díẹ̀ lára páálí. Tí ojú kò bá tètè rí i, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀kì pa á lórí: ibi gbogbo á gba ṣọ́ọ̀kì, ibi tó jin kò ní gbà á. Ẹ sàmì sí àárín ibi jíjin kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá fi rúlà wọn ọ̀kan dé èkejì. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bọ́ sáàárín 10 sí 16 sẹ̀ǹtímítà. Tàwọn obìnrin sábà máa ń fẹ̀ ju tọkùnrin, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi ojú wo ara kó sọ pé òun ti mọ̀ ọ́n. Bàbá tó sanra lè ní eegun tó súnmọ́ra, ọmọbìnrin tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ lè ní èyí tó jìnnà síra. Ẹran ìdí kọ́ là ń wọ̀n.

Tó bá jẹ́ pé ẹ máa ń tẹ̀ síwájú tí ẹ bá ń gun kẹ̀kẹ́, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà méjì kún un. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn yín máa ń nà ró ṣánṣán lórí kẹ̀kẹ́, ẹ fi mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún un. Ẹni tí páálí fún ní 12.5, tó ń tẹ̀ síwájú, á wá ìjókòó tó fẹ̀ tó 14.5 sẹ̀ǹtímítà níbi tó fẹ̀ jù lẹ́yìn. Iléeṣẹ́ máa ń kọ fífẹ̀ yìí sí abẹ́ ìjókòó ní mìlímítà, bíi 130, 143, 155 tàbí 168. Tí ẹ bá bọ́ sáàárín méjì, ẹ mú èyí tó fẹ̀ jù, àyàfi tí itan bá ń ha á.

Kí ni títẹ́jú ń ṣe fúnni

Ẹ gbé ìjókòó sókè sí ojú yín, kí ẹ wò ó láti ẹ̀yìn. Òmíràn ga láàrin, ó wá ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Èyí ni kí ẹ yẹra fún tó bá jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn lẹ ń lọ, torí eegun á máa yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, àárín á sì máa gún yín. Èyí tó tẹ́jú lẹ́yìn máa ń gba eegun méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ wá wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Èyí tó ní kòtò láàrin á gbá yín mú sójú kan. Ìyẹn dùn mọ́ àwọn kan, pàápàá ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ le. Àmọ́ èyí tó tẹ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn á jẹ́ kí ẹ lè sún síwájú tí atẹ́gùn bá dojú kọ yín, kí ẹ sì sún sẹ́yìn tí ẹ bá ń gun òkè. Sísún yẹn gan-an ni àǹfààní rẹ̀, torí gbogbo ìgbà tí ẹ bá sún ni ẹ̀jẹ̀ ń padà sí ibi tí ara ti ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀. Fizik, iléeṣẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́ kan ní Ítálì, ti pín ìjókòó rẹ̀ rí bí ẹ̀yìn èèyàn ṣe ń tẹ̀ tó: Arione, tó gùn tó sì tẹ́, fún ẹni tó lè bẹ̀rẹ̀ dáadáa, àti Aliante, tó jin láàrin, fún ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ gan. Ẹ dìde dúró kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láì tẹ orúnkún. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀ lè lọ taara sí èyí tó tẹ́ pátápátá. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò kọjá orúnkún, kó wá èyí tó tẹ́jú lẹ́yìn tó sì rọra jin díẹ̀ láàrin.

Àwọn kan máa ń ní ihò gbọọrọ láàrin. Ó ń tu ọ̀pọ̀ lára, etí ihò náà sì máa ń ge àwọn mìíràn. Gígùn ún nìkan ló lè sọ ẹni tí ẹ jẹ́.

Ìjókòó awọ

Brooks, iléeṣẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń ta ìjókòó awọ kan tí wọ́n ń pè ní B17 fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Kò ní fóòmù. Awọ líle ni wọ́n na láti iwájú dé ẹ̀yìn lórí irin, ó fẹ̀ tó 17.5 sẹ̀ǹtímítà, ó tẹ́jú, bí ẹ bá sì ṣe ń jókòó lé e ni yóò máa gba àwòrán eegun yín. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ Raleigh àtijọ́ tí àwọn bàbá wa gùn ló wá pẹ̀lú ìjókòó awọ. Tí irú rẹ̀ bá wà ní kọ̀rọ̀ ilé yín, ẹ má sọ ọ́ nù kí ẹ tó wo ibi tí ìṣó di awọ mú níwájú àti lẹ́yìn. Tí awọ kò bá tíì ya níbẹ̀, ó ṣì lè wúlò.

Òjò ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ máa fi ọ̀rá bò ó nígbà òjò. Tó bá rin, ẹ sá a sí ibòji, ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má sì gbé e súnmọ́ iná. Ẹ má da epo pupa tàbí epo ẹ́ńjìnnì sí i kó lè rọ̀, torí á rọ̀ kọjá bó ṣe yẹ, á wá ṣe jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Nọ́ọ̀tì kan wà lábẹ́ ṣóńṣó rẹ̀ tó ń fa awọ le. Ẹ má fi sípánà yí i ju ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kan lọ lẹ́ẹ̀kan.

Ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀, ẹ lè rí ìjókòó tí wọ́n tú lára kẹ̀kẹ́ tó bàjẹ́, ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ dojú rẹ̀ dé sórí tábìlì kí ẹ wò bóyá irin méjèèjì tó wà lábẹ́ gbọọrọ. Èyí tí irin rẹ̀ wọ́ tàbí tó ti sán, ẹ fi sílẹ̀. Ìjókòó tí ara rẹ̀ ti ya á máa mu omi òjò, á sì máa tutù sí yín lára.

Títò ó sórí kẹ̀kẹ́

Ìjókòó tó dáa tí wọ́n gbé sí ibi tí kò yẹ á dà bí èyí tí kò dáa. Gíga ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ jókòó, kí ẹnì kan di kẹ̀kẹ́ mú, kí ẹ fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán láì jẹ́ pé ìdí tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Tí ẹ bá wá fi iwájú ẹsẹ̀ lé pẹ́dà bó ṣe yẹ, orúnkún á tẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìṣirò ṣe é lè lo ọ̀nà tí Greg LeMond, ọmọ Amẹ́ríkà tó gba Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ti ilẹ̀ Faransé, ní 1986, 1989 àti 1990, sọ di mímọ̀: ẹ wọn ẹsẹ̀ láti abẹ́ dé ilẹ̀ láì wọ bàtà, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 0.883. Ẹsẹ̀ 80 sẹ̀ǹtímítà á fún yín ní nǹkan bíi 70.6, láti àárín ibi tí apá pẹ́dà ti ń yí dé orí ìjókòó. Ẹ má fa páìpù ìjókòó kọjá ilà tí wọ́n fà sí i lára, kó má baà ṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ìdagun. Ẹ gbé pákó pẹlẹbẹ lé orí ìjókòó, kí ẹ wá fi irinṣẹ́ tí bíríkìlà fi ń wo ìtẹ́jú, èyí tó ní omi nínú gíláàsì, lé e. Kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó tẹ́ géérégé. Tí iwájú bá ń tẹ abẹ́, ẹ rẹ ṣóńṣó sílẹ̀ díẹ̀. Lára kẹ̀kẹ́ àtijọ́, irin tó di ìjókòó mú máa ń ní eyín wẹ́wẹ́ tó wọnú ara wọn. Ẹ tú nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ títí eyín yóò fi yọ, kí ẹ yí i ní eyín kan ṣoṣo, kí ẹ wá dì í padà. Eyín kan pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Tí ẹ bá rẹ̀ ẹ́ jù, ara á máa yọ̀ wá síwájú, ọwọ́ ni ẹ ó fi máa ti ara yín sẹ́yìn, ọwọ́ náà á sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi bírò sàmì sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, kí ẹ lè dá a padà tí kò bá dáa.

Ohun tí ara ń sọ

Eegun ìdí tó ń ro ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe àìsàn, ó sábà máa ń lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Kíkú abẹ́ yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ má fara dà á. Tí itan bá ń bó, ó ṣeé ṣe kí ìjókòó fẹ̀ jù. Tí ìdí bá ń lọ sọ́tùn-ún sósì bí ẹ ṣe ń tẹ pẹ́dà, ó ga jù. Iwájú orúnkún tó ń dunni sábà máa ń túmọ̀ sí pé ó lọ sílẹ̀ jù.

Aṣọ náà ní tirẹ̀. Ojú rírán ṣòkòtò jíǹsì tó nípọn lábẹ́ lè dá egbò sí ẹni tó jókòó sórí ìjókòó tó dáa jù láyé. Tí ẹ bá ra ṣòkòtò pénpé àwọn oníkẹ̀kẹ́, èyí tí wọ́n rán nǹkan rírọ̀ pẹlẹbẹ sí lábẹ́, ẹ má wọ pátá sínú rẹ̀. Ẹ fi òrí tàbí Vaseline díẹ̀ pa ibi tó ń ha, kí ẹ sì tètè wẹ̀ tí ẹ bá délé, kí ẹ bọ́ aṣọ òógùn. Ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ dìde dúró lórí pẹ́dà fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè ṣàn. Ẹni tí abẹ́ rẹ̀ ṣì kú lẹ́yìn tó ti sọ̀ kalẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tó rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, tàbí tó ní egbò tó ń wú tó ń ṣọyún, kó lọ rí dókítà. Ẹni tí jẹ̀díjẹ̀dí ń bá jà tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lára rẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ sílé ìwòsàn kó tó gba ọ̀nà jíjìn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bá ẹni tó ń tà á sọ ọ́ pé ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ láàrin ọjọ́ díẹ̀. Yíyí iwájú ṣọ́ọ̀bù po kò lè sọ òótọ́ fún yín, àfi kí ẹ gùn ún tó wákàtí kan ó kéré tán. Tí ẹ bá sì dé láti ìrìn àkọ́kọ́, ẹ mú sípánà kí ẹ tún àwọn nọ́ọ̀tì abẹ́ ìjókòó dì, torí wọ́n máa ń dẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí ara bá ti jókòó lé wọn.