Bí a ṣe ń yan páàdì àti díìsìkì bíréèkì fún Golf 4 GTI

Kí ẹni tó ní Golf 4 GTI tó gbé owó lọ sí ọjà Ládípò láti ra páàdì àti díìsìkì bíréèkì (díìsìkì ni irin pẹrẹsẹ tó ń yí pẹ̀lú táyà, páàdì ló ń fún un mọ́ra kí ọkọ̀ lè dúró), ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ìwọ̀n èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ dájú. Bí a bá kàn dé ìsọ̀ tí a ní ti Golf 4 la fẹ́, ohunkóhun ni wọ́n lè gbé fún wa, nítorí pé ìwọ̀n tí Volkswagen lò fún ọkọ̀ yìí ju ẹyọ kan lọ. Díìsìkì iwájú àwọn kan fẹ̀ tó milimítà 256, ti àwọn mìíràn tó 280, ti ọ̀pọ̀ GTI 1.8 alátọ́bò tó ti Amẹ́ríkà wá sì jẹ́ 288, tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ 25. Ti ẹ̀yìn sábà máa ń jẹ́ 232. Nínípọn rẹ̀ kò ju 9 lọ, kò sì ní àlàfo tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá láàárín bíi ti iwájú. Ìwé pélébé kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú búùtù, nítòsí ibi tí sípíà táyà ń gbé: nínú àwọn àmì tó wà lórí rẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1L tàbí 1Z jẹ́ ti bíréèkì iwájú, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1K jẹ́ ti ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú ọkọ̀ wa, a kò sì mọ ohun tí ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ti pààrọ̀, nítorí náà ẹ yọ táyà, kí ẹ fi rúlà wọn díìsìkì láti etí dé etí.

Níwọ̀n ìgbà tí táyà ti kúrò, ẹ wá ibi tí wọ́n gbẹ́ "MIN TH" sí lára díìsìkì. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé e ni nínípọn tó kéré jù tí díìsìkì lè ní. Fún ti ẹ̀yìn tó jẹ́ 9 nígbà tó wà ní tuntun, 7 ni òpin rẹ̀. Ibi tí páàdì ń fara kàn ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe eteetí, torí pé eteetí kì í jẹ, á sì máa tan ojú pé irin náà ṣì nípọn. Àwọn mẹkáníìkì wa fẹ́ràn láti gbé díìsìkì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fá a kí ojú rẹ̀ lè tẹ́jú. Kò burú bí ohun tó kù lẹ́yìn fífá bá ṣì ju nọ́ńbà yẹn lọ dáadáa, ṣùgbọ́n díìsìkì tó ti fẹ́lẹ́ máa ń tètè gbóná. Ẹ má sì pààrọ̀ ti apá kan ṣoṣo: méjèèjì iwájú tàbí méjèèjì ẹ̀yìn la máa ń ṣe pọ̀.

Ọ̀rọ̀ páàdì ló gba làákàyè jù, ibẹ̀ ni mo sì gbà pé ó yẹ kí owó lọ. Bí páàdì pẹ̀lú irin ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá ju milimítà 7 lọ mọ́, ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ní ti tuntun, ẹ má wo àwòrán orí páálí. Ẹ yọ páàdì síta, kí ẹ wo àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà kéékèèké tí wọ́n tẹ̀ sí etí tàbí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ó rí lẹ́tà méjì tó so mọ́ra, bíi EE, FF tàbí GG. Èyí àkọ́kọ́ ń sọ bí páàdì ṣe ń di irin mú nígbà tí kò tíì gbóná púpọ̀, èkejì ń sọ ti ìgbà tó bá gbóná gan-an. Bí a bá fi nọ́ńbà wọn bí páàdì ṣe ń di irin mú, E wà láàárín 0.25 sí 0.35, F láàárín 0.35 sí 0.45, G láàárín 0.45 sí 0.55. Fún GTI tó ń rìn láàárín ìlú, tó sì ń sáré lọ sí Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, FF ni èmi yóò yàn. Bí lẹ́tà kejì bá rẹlẹ̀ sí ti àkọ́kọ́, bíi FE, agbára páàdì yẹn ń dínkù bó ṣe ń gbóná, ọkọ̀ tó yára báyìí kò sì nílò irú rẹ̀. Àwọn lẹ́tà yìí kò sọ bí páàdì yóò ṣe pẹ́ tó, wọn kò sì sọ bóyá yóò máa han. Èyí tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù tún máa ń ní lẹ́tà E nínú òbírípo pẹ̀lú 90R, tó túmọ̀ sí pé wọ́n ti dán an wò láti rí i pé iṣẹ́ rẹ̀ sún mọ́ ti ojúlówó.

Páàdì tí wọ́n po irin mọ́ ń fara da ooru, ṣùgbọ́n eruku dúdú rẹ̀ máa ń ba ríìmù jẹ́. Ti sẹ̀rámíìkì kì í pariwo, eruku rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹ sá fún páàdì ìdíje, èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ eré sísá. Ó ní láti gbóná dáadáa kó tó mú, ẹni tó bá sì ń jáde nílé láàárọ̀ yóò tẹ bíréèkì àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Mo mọ̀ pé àwọn kan ka páàdì tòkunbọ̀ sí ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ, ṣùgbọ́n páàdì tí epo ti wọ̀ lára kì í hàn lójú. Díìsìkì tòkunbọ̀ sàn díẹ̀, torí pé a lè wọ̀n ọ́n.

Ní ti díìsìkì oníhò tí ń dán nínú ríìmù, ẹwà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ihò sì ni ó ti máa ń sán. Èyí tó tẹ́jú tó ọkọ̀ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ díìsìkì 312 ti Audi TT níláti rántí pé ríìmù 15 kò lè gbà á. Ó di 16 kó tó wọlé.

Nígbà tí wọ́n bá ń dè é, ẹ rí i pé wọ́n ha ìpata kúrò lórí họ́ọ̀bù, ìyẹn irin tí díìsìkì ń jókòó lé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bíréèkì yóò máa gbọ̀n lẹ́sẹ̀, wọn a sì ní díìsìkì ló tẹ̀. Kí wọ́n nu òróró ara díìsìkì tuntun kúrò. Yíyí ni wọ́n ń yí písítìnì kálípà ẹ̀yìn (kálípà ni ohun tó gbé páàdì dání, písítìnì inú rẹ̀ ló ń ti páàdì mọ́ díìsìkì) wọlé, wọn kì í fi agbára tì í. Epo bíréèkì DOT 4 tó bá ti lo ọdún 2 yẹ kó di tuntun, torí pé ó máa ń fa omi mọ́ra. Lẹ́yìn náà, ẹ wa ọkọ̀ lọ sí ojú ọ̀nà tó dá, kí ẹ máa sáré dé nǹkan bí kìlómítà 60 ní wákàtí, kí ẹ tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi sọ̀kalẹ̀ sí 15, láìdúró pátápátá, kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́jọ tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ sì wá wà á lọ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí gbogbo rẹ̀ yóò fi tutù kí ẹ tó páàkì.