Bí mo ṣe gbé mọ́tò oníná lọ Rochester nínú òtútù

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà ní Minnesota tẹ́ ẹ ń bẹ̀rù àtira mọ́tò oníná nítorí òtútù, ẹ jẹ́ kí n sọ bá a ṣe gbé tiwa lọ síbi ìkómọ ní Rochester ní January. Chevy Bolt 2020 ni, 259 máìlì ni wọ́n kọ pé ó máa rìn tó bá kún. Láti Minneapolis dé Rochester ò ju bíi 85 lọ, àlọ àtàbọ̀ 170, ẹ máa rò pé ó ti tó. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2019 AAA, ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò Amẹ́ríkà, dán mọ́tò oníná wò ní 20 Fahrenheit, tí híítà bá wà lórí, ìdá 41 nínú 100 ló ń dín kù nínú ibi tó yẹ kó rìn dé, tí wọ́n bá pa híítà, 12 péré ló ń dín kù. 259 wa di bíi 153 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tá a fẹ́ jáde, òdo Fahrenheit ni, ìyẹn -18 Celsius.

Ẹ ò rí i pé híítà ló ń jẹ iná jù? Ẹ́ńjìnnì elépo ń gbóná fúnra ẹ̀, ooru yẹn náà ni wọ́n ń fẹ́ sí wa lára, tiwa ò ní in, inú bátìrì kan náà ló ti ń fà á. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní iná ilé ni màá fi mú gbogbo ẹ̀ gbóná.

Lálẹ́ mo ki ṣájà 240 volt bọ̀ ọ́, mo sẹ́ẹ̀tì aago tá a máa jáde kó lè jẹ́ ìgbà tá a bá fẹ́ẹ́ lọ ló máa ṣájì tán, torí bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iná tán á ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Láàárọ̀ mi ò tíì yọ wáyà tí mo fi rimóòtì tan híítà, kí ìyàwó mi tó we gèlè tán inú mọ́tò ti gbóná, yìnyín ojú gíláàsì ti yọ́. Mo fẹ́ táyà náà, torí òtútù máa ń dín atẹ́gùn inú ẹ̀ kù.

Lójú ọ̀nà, híítà ìjókòó àti ti sítíárìn la lò, wọn ò jẹ iná rárá bíi híítà ńlá yẹn. Jíà D ni mo fi sí, kì í ṣe L tó máa ń fa mọ́tò dúró gan-an téèyàn bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀, torí lórí yìnyín L lè fa táyà iwájú yọ̀.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù rèé o. Bá a ṣe dé Rochester, mo já wọn sílẹ̀ ní họ́ọ̀lù, mo kọjá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ síbi ṣájà ìta tó máa ń yára ṣájì mọ́tò, ìrẹsì ò tíì kàn mí. Bátìrì ṣì gbóná nígbà yẹn. Ká ní mo páàkì síta títí òde fi parí ni, á ti tutù, tó bá sì ti tutù lithium inú ẹ̀ ò ní ráyè wọ ibi tó yẹ kó wọ̀, á kàn máa lẹ̀ mọ́ ara ibẹ̀ bí irin, ìyẹn sì ń ba bátìrì jẹ́, ìdí nìyẹn tí mọ́tò fúnra ẹ̀ fi máa ń dín iná tó ń gbà kù, ẹ máa jókòó síbẹ̀ títí. Èmi gba iná tán, mo padà wá jẹun, a sì délé láìdúró níbì kankan.

Bá a ṣe délé mo tún ki wáyà bọ̀ ọ́. Tí òtútù bá mú gan-an ẹ má yọ ọ́, iná ilé ló ń bá bátìrì lé òtútù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ilé rẹ́ńtì tó jẹ́ sókẹ́ẹ̀tì 120 volt nìkan ló wà níta, ní irú òtútù yìí gbogbo iná yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè lọ sórí mímú bátìrì gbóná nìkan, ẹ bá lánlọ́ọ̀dù sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó rà á.