Búùtù Kì í Ṣe Ẹran Súyà

Òjò oṣù Júlàì ti dé l'Ógbòmọ̀ṣọ́, àwọn àgbẹ̀ tuntun náà sì ti dé. Abà mi wà lápá ọ̀nà Ìkòyí-Ilé, iná mànàmáná kò dé ibẹ̀. Ọdọọdún ni àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílùú ńlá ń wá kọ́ṣẹ́ oko lọ́dọ̀ mi. Wọ́n á gbé búùtù awọ olówó gọbọi wá, kó tó tó ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti di àkísà. Oko kọ́ ló bà á jẹ́ o. Bí wọ́n ṣe ń sá a ni.

1. Ẹ má gbé búùtù sẹ́bàá ààrò.

Ibí yìí gan-an ló ń dùn mí. Awọ ẹran ni búùtù yẹn. Tí omi bá ti rin ín gbingbin, tí iná wá ń fẹ́ sí i, á sún kì, á le gbagidi, á sì máa sán níbi tí ẹsẹ̀ ti ń ká. Gọ́ọ̀mù ìdí rẹ̀ á yọ́, àtẹ́lẹ̀ á lanu bí ọ̀nì.

Ẹni tó ń bá yín wí yìí náà jẹ̀bi. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dáko, mo ra búùtù kan tí owó rẹ̀ tó ra àpò ajílẹ̀. Mo gbé e sórí òkúta ààrò lálẹ́, mo bá lọ sùn. Òórùn ló jí mi. Mo ní, "Ta ló ń sun pọ̀nmọ́ lóru?" Ìyàwó mi ní, "Bàtà yín ni." Imú rẹ̀ ti ká sókè bí ìwo àgbò. Owó ń dùn mí, mo wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sípàdé ẹgbẹ́ wa. Títí dòní, "Ẹlẹ́sẹ̀-àgbò" ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀.

Ẹ tú okùn rẹ̀, ẹ fa ahọ́n rẹ̀ síta, ẹ yọ ìtẹ́lẹ̀ inú rẹ̀ sá sọ́tọ̀. Ẹ rún ìwé ìròyìn àtijọ́, ẹ ki ìwé náà bọ inú rẹ̀ títí dé ibi ọmọ ìka. Tó bá tó wákàtí kan, ẹ yọ ọ́, á ti mumi yó. Ẹ ki òmíràn. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, kí ẹ tó gbé e kọ́ sábẹ́ àtíbàbà níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé omi lọ, ooru líle kọ́. Ó lè gba ọjọ́ méjì. Ẹ ní sùúrù. Tó bá gbẹ tán, ẹ fi òrí díẹ̀ pa á. Ẹni tó bá fi òrí pa á kó tó gbẹ ti ti omi mọ́lé.

2. Eérú gbígbóná nínú bàtà: ẹ má dán an wò.

3. Bàtà róbà ní tirẹ̀, òógùn ló ń rin ín láti inú. Ẹ ri igi méjì mọ́lẹ̀, ẹ da ojú rẹ̀ dé sórí wọn. Kẹ́ ẹ sì gbọ̀n ọ́n dáadáa kẹ́ ẹ tó kẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Àkekèé kì í sanwó ilé.

Ó wá ku aṣọ. Ta ló tilẹ̀ ní jíǹsì ni aṣọ oko? Nínú òjò yìí, ó lè lo ọjọ́ méjì lórí okùn kó má gbẹ. Ẹ wé aṣọ tútù mọ́ inú aṣọ gbígbẹ, kí ẹ gun orí rẹ̀, kí ẹ tó sá a. Ìyẹn á fa omi rẹ̀ ju kẹ́ ẹ máa fún un títí apá á fi ro yín. Ẹ yí àpò rẹ̀ síta.

Ẹ má sá a sórí koríko tàbí ilẹ̀. Eṣinṣin kan wà tó ń yé ẹyin sí iyanrìn àti aṣọ tútù. Láàárín ọjọ́ 1 sí 3 ẹyin á pa, ìdin á wọ ara ẹni tó wọ aṣọ náà, á wú bí eéwo. Ọmọ kan ní mẹ́rin ní bàdí lọ́dọ̀ mi, ó ti ra oògùn eéwo títí owó fi tán lápò rẹ̀. Mo wò ó, ojú kékeré wà lórí ìkọ̀ọ̀kan, nǹkan ń mira níbẹ̀. Fasilíìnì la fi dí i títí ìdin fi yọrí wá wá afẹ́fẹ́. Ó pariwo ju ewúrẹ́ lọ. Látọjọ́ náà, áyọ́ọ̀nù eléèédú ò gbẹ́yìn lábà mi: tinú tòde la fi ń lọ aṣọ, pàápàá etí ìránsọ àti ìbàdí ṣòkòtò.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ká aṣọ wọlé. Ìrì ò mọ̀ pé ẹ ti jìyà sá a.

Tí ọyẹ́ bá dé ní January, jíǹsì pàápàá á gbẹ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ni awọ ń sán láìrí iná rárá, òrí yẹn ò gbọdọ̀ wọ́n nílé.

Lálẹ́ àná mo tún bá búùtù tuntun kan lẹ́bàá ààrò. Mo gbé e kúrò, mo fi iṣu sí ipò rẹ̀. Láàárọ̀, olówó bàtà bá wa jẹ iṣu náà, ó ń bi mí pé, "Bàbá, ẹ bá mi rí bàtà mi?"