Bí A Ṣe Ń To Sítíárìn Ìjàpá Padà

Títú sítíárìn Volkswagen Ìjàpá kò le. Títò ó padà ló ń kó èèyàn sí wàhálà. Ẹ wo àwọn Ìjàpá tó ṣì ń rìn nígboro Abẹ́òkúta: táyà kọjú síwájú, ọwọ́ sítíárìn dá sẹ́gbẹ̀ẹ́, họ́ọ̀nù kò dún mọ́. Níbi kọ́pùlìn nísàlẹ̀, ìyẹn rọ́bà tó so ọ̀pá sítíárìn mọ́ àpótí gíà sítíárìn, ni wọ́n ti sábà máa ń bà á jẹ́.

Ẹ wá sípánà 13, sọ́kẹ́ẹ̀tì 27, búrọ́ọ̀ṣì wáyà, kẹrosíìnì, gírísì àti kutẹ́ẹ̀sì pupa. Kutẹ́ẹ̀sì dára ju ṣọ́ọ̀kì lọ fún fífa àmì, torí epo kì í tètè pa á rẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ tú wáyà bátìrì tó wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún. Ẹ gbé táyà àfidípò àti táǹkì epo kúrò níwájú, kí ẹ sì gbé táǹkì náà jìnnà sí iná. Àwọn kan máa ń ti abẹ́ ọkọ̀ na ọwọ́ sí kọ́pùlìn kí wọ́n má baà tú táǹkì. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ojú kò rí, ọwọ́ kò lè dè é dáadáa. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ eyín ọ̀pá sítíárìn, torí eruku pupa àti gírísì àtijọ́ ti le mọ́ ọn lára. Ẹ fi gírísì díẹ̀ sí bíárìn òkè, kí ẹ ti ọ̀pá náà bọ inú páìpù rẹ̀.

Ẹ wá wá àárín. Ẹ jáàkì iwájú ọkọ̀, kí ẹ gbé e lé igi líle, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì, nítorí búlọ́ọ̀kù lè fọ́ lójijì. Ẹ di irin tó yọ lára àpótí gíà sítíárìn mú, ẹ yí i dé ìkángun òsì, kí ẹ wá máa ka iye ìgbà tó yí po títí dé ìkángun ọ̀tún. Yóò lé díẹ̀ ní ìgbà méjì àbọ̀. Ẹ pín in sí méjì, ẹ dá a padà sí àárín, kí ẹ fi kutẹ́ẹ̀sì fa ìlà. Bí táyà kò bá kọjú síwájú níbẹ̀, táì-rọ́ọ̀dù, irin tó ń darí táyà, ló ń fẹ́ àláìnmẹ́ǹtì, ìyẹn títò kí táyà lè kọjú síwájú. Ẹ má yí ọwọ́ sítíárìn sípò mìíràn láti fi bò ó mọ́lẹ̀. Àárín yẹn ni wọ́n ṣe gíà náà kó fún jù lọ. Bí ọkọ̀ bá ń lọ tààrà níbòmíràn, sítíárìn á máa mì lọ mì bọ̀ ní gbogbo ọ̀nà Èkó.

Ó wá ku kọ́pùlìn. Ẹ tẹ rọ́bà rẹ̀ wò. Bó bá ti sán, tàbí tí epo ti jẹ ẹ́ rọ̀, ẹ ra òmíràn. Tòkunbọ̀ tó le dáadáa kò burú. Ohun tí kò dára ni rọ́bà tí fọ́kànáísà gé lára táyà. Kò ní agbára láti gbé ìyí yẹn, ihò rẹ̀ á sì máa fẹ̀ sí i. Bóòtù méjì lọ sókè, méjì lọ sísàlẹ̀, kí wọ́n dábùú ara wọn. Wáyà kékeré tó kọjá lára rọ́bà náà ni họ́ọ̀nù ń lò. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, họ́ọ̀nù kò ní dún, ẹ ó sì máa da rewáyà láàmú lásán.

Bóòtù tó fún ẹnu irin kọ́pùlìn mọ́ ọ̀pá tó yọ lára àpótí gíà sítíárìn gbọ́dọ̀ gba inú àpá tí wọ́n gbẹ́ sára ọ̀pá náà kọjá. Ibi tó léwu jù nìyí. Bóòtù náà gbọ́dọ̀ fi ìka wọlé. Bó bá kọ̀, ẹ má fi òòlù lù ú: ẹ ti irin náà sókè tàbí sísàlẹ̀ díẹ̀ títí ihò àti àpá yóò fi ṣe déédéé. Ẹni tó bá fi òòlù gbá a wọlé ti ba ojú bóòtù jẹ́, irin náà sì lè yọ lára ọ̀pá. Bó bá yọ lórí gẹ̀rẹ́, ọwọ́ sítíárìn á máa yí lófo, táyà kò sì ní gbọ́. Nọ́ọ̀tì tuntun ni kí ẹ lò. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dè é, kí ẹnìkan fa ọ̀pá sítíárìn látinú ọkọ̀ bí ẹ ti ń wò ó. Kò gbọ́dọ̀ sún rárá.

Òkè kò le. Ẹ to súíìṣì tíráfíkétọ̀ (iná tí a fi ń sọ ibi tí a fẹ́ yà sí), kí ẹ fi àyè bí 2 mm sáàárín rẹ̀ àti ọwọ́ sítíárìn kí wọ́n má baà ha ara wọn. Ẹ fi ọwọ́ tẹ ọwọ́ sítíárìn wọlé. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1968 ní páìpù tó ń rún bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, òòlù sì lè rún un ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Ẹ de nọ́ọ̀tì ọwọ́ sítíárìn dé 50 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń de nọ́ọ̀tì). Bí ẹ kò bá ní sípánà tó ń ka agbára, ẹ fa ìkángun ọwọ́ sípánà tó gùn tó 25 cm bí ẹni tó ń gbé ẹrù 20 kg.

Ẹ dán an wò ní àdúgbò tó dákẹ́, kì í ṣe Kútọ̀ tàbí Ìtòkú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún fi sípánà kan gbogbo nọ́ọ̀tì kọ́pùlìn náà wò.