Bí Ọkàn Àgbẹ̀ Bá Rẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Ilé àti Oko ní Èkìtì

Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti ajílẹ̀ tàbí ti irúgbìn. Àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn.

Ẹni tó yáwó gbin ìrẹsì n'Ígbẹ̀mọ, tí ọ̀dá wá dá lẹ́yìn tó ti fọ́n irúgbìn, mọ bí òru ṣe ń gùn tó. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí màlúù jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tán, àti ẹni tí ìbẹ̀rù ajínigbé kò jẹ́ kó dé oko mọ́. Irú ìnira bẹ́ẹ̀ lè wọni lára títí yóò fi di àìsàn, àìsàn náà sì ṣeé wò.

Ohun tó yẹ kí ẹ máa fura sí

Bí ẹnìkan nínú ilé kò bá rí oorun sùn fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, tí iyán kò wù ú jẹ mọ́, tó ń fi ọtí pa ìrònú, tí oko tó máa ń ro dáadáa wá di igbó, ẹ fura. Ọ̀pọ̀ kì í sọ pé inú àwọn bàjẹ́. Orí fífọ́, àyà jíjá àti ooru tó ń rìn lára ni wọ́n máa ń ráhùn sí, bí wọ́n bá sì yẹ̀ wọ́n wò fún ibà, wọn kò ní rí nǹkan kan. Ẹ má ní irọ́ ni wọ́n ń pa.

Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí kò sùn, tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò bára mu tàbí tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Àbísínwín kì í ṣe ẹ̀bi ìyá.

Ikú yá ju ẹ̀sín?

Ó lè yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn wà lẹ́nu jagunjagun. Létí ẹni tó jẹ ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù ní gbèsè, ewu ni, mo sì bẹ yín kí ẹ má sọ ọ́ sí i. Gbèsè ṣeé sún síwájú.

Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé ẹnìkan fẹ́ pa ara rẹ̀, ẹ mú un sí kọ̀rọ̀, kí ẹ bi í láìfepo bọyọ̀: “Ṣé ó ti ń wá sí yín lọ́kàn pé kí ẹ pa ara yín?” Ìbéèrè yìí kò ní fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ó sábà máa ń tu onítọ̀hún lára pé ẹnìkan bi òun. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má bú u, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Oògùn oko tó wà nílé

Ibí ni ọwọ́ àgbẹ̀ ti lè gba ẹ̀mí là jù. Èrò àtipa ara ẹni sábà máa ń ru sókè, kó sì rọlẹ̀ láàárín àkókò díẹ̀. Bí ohun tó lè pani kò bá sí nítòsí lásìkò náà, ọ̀pọ̀ ló ń yè é. Nígbà tí orílẹ̀-èdè Sri Lanka fòfin de àwọn oògùn apakòkòrò tó le jù, iye àwọn tó ń pa ara wọn níbẹ̀ wálẹ̀ ju ìlàjì lọ. Níhìn-ín, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti fòfin de paraquat, oògùn apakoríko kan, láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024.

Ẹ má tọ́jú oògùn apakoríko sábẹ́ ibùsùn tàbí sí ilé ìdáná. Ẹ má rọ ọ́ sínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò. Ìwọ̀n tí ẹ ó lò tán ni kí ẹ rà. Bó bá ṣẹ́kù, ẹ tì í mọ́ inú àpótí, bí ẹnìkan nínú ilé bá sì ń rẹ̀wẹ̀sì, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Bí ẹnìkan bá ti gbé e mu, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fipá mú un bì. Ẹ mú ike oògùn náà dání, kí ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó le.

Ìtọ́jú, kì í ṣe ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀

Dókítà tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ wà ní EKSUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, l'Ádó, ó sì wà ní ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ n'Ídòó. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Bó bá sì yá, ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Ṣùgbọ́n pàṣán, ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ àti ààwẹ̀ tipátipá kò wo ìsínwín rí. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tó rọ́pò òfin 1958, tó sì fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú pẹ̀lú iyì. Ẹ sọ ọ́ létí ọba àti báálẹ̀ yín, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ìgbà tí irú ìtọ́jú yìí yóò dé ilé ìwòsàn àdúgbò.

Ní 1954 ni Adéoyè Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ sí í mú aláìsàn gbé inú abúlé tó yí ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò ká, l'Ábẹ́òkúta. Ìbátan wọn tẹ̀lé wọn wá, wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́ oko. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ṣe kò ju agbára wa lọ. Kí àwọn tó ń ṣe àáró lọ kọ ebè fún ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Kí ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù sì yan ènìyàn méjì tí yóò lọ kí ọmọ ẹgbẹ́ tí kò wá sípàdé lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, kí wọ́n tó rán ẹnikẹ́ni sí i nítorí owó.